Ọtí Arianna Occhipinti: èwo ni kí ẹ rà nínú wọn?

Ẹ béèrè ọtí Arianna Occhipinti, obìnrin kan tó ń ṣe wáìnì ní erékùṣù Sísílì ní Ítálì, nílé ìtajà tó mọ wáìnì Ítálì dáadáa, wọ́n lè to ìgò bíi mẹ́fà kalẹ̀ níwájú yín: SP68 pupa, SP68 funfun, Il Frappato, Siccagno, Grotte Alte, àti àwọn tí wọ́n ń pè ní Vino di Contrada. Ọwọ́ kan náà ló ṣe gbogbo wọn. Agbègbè kan náà ni àjàrà wọn ti wá, irú àjàrà méjì péré ló sì wà nínú gbogbo èyí tó pupa níbẹ̀. Síbẹ̀, owó wọn jìnnà síra, ìgbà tó yẹ kéèyàn ṣí wọn náà ò rí bákan náà.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíì á nawọ́ sí èyí tó wọ́n jù, á gbé e délé, á ṣí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, á wá máa ráhùn pé ọtí náà há òun lẹ́nu. Ọtí ò jẹ̀bi. Wọ́n ṣí i ṣáájú àkókò ni. Kí n tètè sọ èrò tèmi kí ẹ má bàa máa wá a kiri: bó bá jẹ́ ìgò kan ṣoṣo lowó yín ká, Il Frappato ni kí ẹ mú. Bí àlejò bá ń bọ̀ tí ẹ sì fẹ́ gbé ìgò mẹ́ta sórí tábìlì, SP68 pupa ni. Grotte Alte wà fún ẹni tó ní sùúrù, tó sì ní ibi tútù tó lè tọ́jú ọtí sí. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì, kó fi owó rẹ̀ ra nǹkan míì.

Ẹni tó ń ṣe é, àti ibi tó ti ń ṣe é

Vittoria ni ìlú Arianna, ní gúúsù ìlà-oòrùn erékùṣù Sísílì, lábẹ́ agbègbè Ragusa. Ọdún 1607 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí, tòmátì ni yóò kọ́kọ́ rí: àwọn ilé ọ̀rá tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátì sábẹ́ rẹ̀ lọ salalu títí dé etí òkun. Àárín wọn ni ọgbà àjàrà wà. Láyé àtijọ́, èbúté Scoglitti ni wọ́n ti ń kó wáìnì Vittoria sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé àti àríwá Ítálì. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ mu ún bó ṣe rí; ọtí tiwọn tí kò lágbára tó, tí àwọ̀ rẹ̀ ò sì ṣú tó, ni wọ́n ń fi í ṣàtúnṣe sí. Nígbà tí kòkòrò filọsẹ́rà wá ba gbòǹgbò àjàrà jẹ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òwò yẹn dojú dé.

Ọdún 1982 ni wọ́n bí Arianna. Àǹkù rẹ̀, Giusto Occhipinti, wà lára àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó dá ilé iṣẹ́ ọtí COS sílẹ̀ lọ́dún 1980. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó tẹ̀ lé àǹkù yìí lọ sí Vinitaly, ọjà ńlá wáìnì tó máa ń wáyé ní Verona, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọtí ti wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa àjàrà àti wáìnì ní Milan. Lọ́dún 2004, ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lórí hẹ́kítà kan péré.

Nígbà yẹn, ohun tó lòde ní Sísílì ni ọtí tó dúdú, tó ki, tó ń run igi. Wọ́n á dà á sínú àgbá kékeré tuntun títí òórùn igi yóò fi bo ti àjàrà mọ́lẹ̀, nítorí irú ẹ̀ ni àwọn tó ń fún wáìnì ní máàkì nílẹ̀ òkèèrè ń gbóríyìn fún. Ọ̀dọ́bìnrin yìí ò bá wọn lọ síbẹ̀. Kì í fi oògùn pa koríko, kì í sì í fi ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sí oko. Ẹ̀wà ni wọ́n ń gbìn sáàárín àwọn ìlà àjàrà. Tó bá dàgbà tán, wọ́n á ro ó mọ́lẹ̀ kó lè jẹrà síbẹ̀, kó di oúnjẹ fún ilẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká èso. Ìwúkàrà tó bá èso wá láti oko ló ń sọ omi àjàrà di ọtí, wọn kì í ra èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá wá dà sí i. Imí-ọjọ́, tí gbogbo ayé fi ń dáàbò bo wáìnì kó má bàa bàjẹ́, díẹ̀ ló ń lò. Ẹ fi ti imí-ọjọ́ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ooru.

Ilẹ̀ ibẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀. Iyanrìn pupa ló wà lókè, òkúta ẹfun ló wà nísàlẹ̀. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń wá láti orí òkun, afẹ́fẹ́ tútù sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Iblei lóru. Ìdí nìyẹn tí ọtí tó wá láti ibi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ fi ní kíkan díẹ̀ tó ń jí ẹnu.

Frappato àti Nero d'Avola

Bí ẹ bá ti mọ àjàrà méjì yìí, ẹ ti mọ ìdajì ohun tó wà nínú ìgò.

Frappato ni ọmọ bíbí Vittoria. Níbòmíì lágbàáyé, ẹ ò ní í rí i púpọ̀. Ìbátan Sangiovese tí wọ́n fi ń ṣe Chianti ni, àwọn onímọ̀ tó ṣàyẹ̀wò àbùdá àjàrà ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣú. Ẹ bu ú sí ife, ẹ gbé ife náà síwájú ìwé ìròyìn, ẹ ó ka àkọlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láìsí wàhálà. Òórùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn: sitirọ́bẹ́rì, òdòdó, ewé tútù, àti òórùn iyeré tó rọra ń tẹ̀ lé wọn. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbó lóko. Ìparí oṣù Kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ká a.

Nero d'Avola gba orúkọ láti ìlú Avola ní agbègbè Siracusa, òun ló sì gbajúmọ̀ jù nínú àjàrà pupa Sísílì. Ó ṣú, ó kún ẹnu, kíkan rẹ̀ dúró gbọn-in. Nígbà tí kò bá tíì dàgbà, ó máa ń há ẹnu: irú gbígbẹ tó máa ń bá ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn gbígbẹ yẹn, kó máa lọ síhà ọ̀dọ̀ Frappato. Ẹni tó jẹ́ pé ọtí tí kò bá dúdú kì í kà á kún wáìnì, Nero d'Avola ni tirẹ̀.

Ohun tó mú kí n máa ti ìgò Frappato síwájú yín ni pé àwọn tó ń ṣe Nero d'Avola tó dáa pọ̀ ní Sísílì. Ẹ lè rí i lọ́wọ́ ẹlòmíì, kódà kó má wọ́n tó ti Occhipinti. Àmọ́ Frappato, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kà á sí ọmọ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n kàn ń dà mọ́ Nero d'Avola kó lè rọ̀ ọ́ díẹ̀. Àwọn tó mú un jáde kó dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ò pọ̀, obìnrin yìí sì wà níwájú wọn.

SP68 pupa àti Il Frappato

Àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wọ ilé ìtajà máa fi ń ṣe iyèméjì, àwọn ni mo sì fẹ́ fara balẹ̀ wò.

SP68 ni orúkọ títì tó gba àárín ọgbà rẹ̀ kọjá, Strada Provinciale 68. Àjàrà méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Inú táǹkì kọnkéré ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí fún oṣù díẹ̀, kò fojú kan igi rárá, ọdún tó tẹ̀ lé ìkórè ló sì ti máa ń wọ ọjà. Kọnkéré kì í fún ọtí ní òórùn kankan. Ó kàn ń jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó sì balẹ̀ ni.

Il Frappato ní tirẹ̀ jẹ́ Frappato pọ́nńbélé, láti ara àwọn igi tó ti dàgbà. Omi èso àti èèpo rẹ̀ jọ máa ń wà pọ̀ fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gbé e lọ sínú àgbá ńlá tí wọ́n fi igi óákù Slavonia ṣe, àgbá kan ń gba lítà 2,500, á sì wà níbẹ̀ fún ọdún kan ó lé díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ igi dẹ́rù bà yín. Àgbá kékeré tí àwọn ará Faransé ń lò, lítà 225 ló ń gbà, nítorí náà ọtí inú rẹ̀ fara kan igi gan-an. Nínú àgbá ńlá, ọtí tó wà láàárín ò mọ̀ pé igi wà nítòsí. Ó ń rọ̀, ó ń gbó, ṣùgbọ́n òórùn pákó kì í bá a jáde.

Lẹ́nu ńkọ́? SP68 pupa, gbogbo ohun tó ní ló máa kó fún yín ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹnu kàn án. Èso pupa, ata díẹ̀, kíkan tó mọ́, ó tán. Ó dùn, kò sì fa ọ̀rọ̀. Il Frappato kì í yá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ó lè dákẹ́ débi pé ẹ ó máa wo ara yín, ẹ ó rò pé owó ti ṣòfò. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ife. Tó bá ti tó bí ìdajì wákàtí, òórùn òdòdó á yọ, ti èèpo ọsàn á tẹ̀ lé e, iyọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì wá sí ẹ̀yìn ahọ́n nígbà tí ẹ bá ti gbé e mì. Ó ṣì fúyẹ́, ọtí líle inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 13 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lẹ́nu ju ọtí tó ki lọ. Fúfúyẹ́ àti pípẹ́ lẹ́nu kì í sábà jọ rìn nínú wáìnì pupa, òun ni ẹ ń sanwó fún.

Ẹ ó sì sanwó náà. SP68 ni owó rẹ̀ rẹlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tó ń ṣe; Il Frappato fi owó jù ú lọ dáadáa, láwọn ibòmíì ó ń sún mọ́ ìlọ́po méjì. Ṣé adùn rẹ̀ náà jẹ́ ìlọ́po méjì? Rárá o. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mẹ́fà ló ń bọ̀, tí ìròyìn ìlú àti ẹ̀rín yóò gbalẹ̀ kan, ẹ má wulẹ̀ ṣí Il Frappato. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ tó jẹ́ ẹ̀yin méjì péré.

Ní Ragusa, wọ́n máa ń jẹ scaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ká mọ́ tòmátì àti wàràkàṣì. SP68 bá a mu gan-an. Ó tún bá ẹja tuna mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ò gbà pé wáìnì pupa àti ẹja lè jọ wà. Ní ti ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọbẹ̀ ata ló máa wà lórí tábìlì, ẹ mọ̀ pé ọtí tó ń há ẹnu, tó sì le, ńṣe ló ń mú kí ata ta ju bó ṣe yẹ lọ. SP68 tó ti rí fíríìjì díẹ̀ kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín. Siccagno, tó ń há ẹnu, á ṣe é.

Il Frappato àti Siccagno

Níbí, ìbéèrè kì í ṣe èwo ló dáa jù. Irú ẹnu tí ẹ ní ni.

Siccagno jẹ́ Nero d'Avola nìkan. Wọn kì í bomi rin igi rẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ ló ń mu, gbòǹgbò á sì wá ìyókù lọ sísàlẹ̀ nínú òkúta ẹfun. Nǹkan bí ọdún méjì ló ń lò nínú àgbá ńlá. Ẹni tó bá ti mu Nero d'Avola olówó pọ́ọ́kú rí, èyí tó dùn jù tó sì ki jù, á yà á lẹ́nu pé ti ibí yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣú lóòótọ́, èso dúdú wà níbẹ̀, àti òórùn erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó nà tààrà, kò sanra. Gbígbẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà nínú rẹ̀, ẹran ló sì máa ń tú u: ẹran àgùntàn tí wọ́n yan, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tàbí wàràkàṣì Ragusano tó ti gbó, èyí tí wọ́n ń fi okùn so kọ́ kó lè gbẹ.

Bí ẹ bá ra àwọn méjèèjì fún ìrọ̀lẹ́ kan náà, Frappato ni kó ṣáájú. Bí Siccagno bá kọ́kọ́ dé ẹnu, Frappato á wá parẹ́ pátápátá, ẹ ò ní í tọ́ nǹkan kan wò nínú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìgò tuntun ni Siccagno, tí ọdún ara rẹ̀ ò tíì tó mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì ní wákàtí kan kí ẹ tó jẹun.

Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ rà á. Kì í ṣe pé kò dáa. Ohun tó ń ṣe nínú ife, mo lè rí ohun tó sún mọ́ ọn lọ́dọ̀ àwọn mìíràn ní Noto tàbí Pachino, níbi tí Nero d'Avola ti gbilẹ̀.

Grotte Alte

Ìgò tó wọ́n nìyí, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń ṣìnà rà jù lọ.

Orúkọ tí òfin mọ̀ ọ́n sí ni Cerasuolo di Vittoria Classico. Cerasuolo di Vittoria ni ọtí àkọ́kọ́ tó gba DOCG, ipò tó ga jù lábẹ́ òfin wáìnì Ítálì, ní gbogbo Sísílì. Ọdún 2005 ló gbà á. Òfin ní kí Nero d'Avola jẹ́ ìdá 50 sí 70 nínú 100, kí Frappato jẹ́ ìdá 30 sí 50. Ti Occhipinti, ìdajì dé ìdajì ni. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló ń wà nínú àgbá ńlá kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò.

Ẹ tún un kà. Àjàrà méjì tó wà nínú SP68 pupa náà ló wà níbí. Ìlú kan náà, ọwọ́ kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ọjọ́ orí igi, igi àgbá, àti àkókò. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àkókò ń ṣe sí wáìnì, kó fi SP68 àti Grotte Alte síwájú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú SP68, èso tútù ni. Nínú Grotte Alte, èso yẹn ti gbẹ díẹ̀, taba àti awọ ti wọ ọ́, ewé tó ti gbẹ, èèpo ọsàn tó kikorò díẹ̀. Ó ní ọlá. Kò ní yára.

Lẹ́tà mẹ́rin tó wà lára ìgò náà, DOCG, ló máa ń gbọ́n owó jáde lápò èèyàn. Wọ́n á wo Il Frappato, wọ́n á rí i pé IGT Terre Siciliane ni wọ́n kọ sí i, ipò tó rẹlẹ̀ sí i lórí ìwé, wọ́n á rò pé ọtí náà rẹlẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Cerasuolo kò fàyè gba ọtí tó jẹ́ Frappato nìkan tàbí Nero d'Avola nìkan, kò sì kan ti funfun rárá. Ìwé òfin ń sọ irú àjàrà tó wà nínú ìgò àti ibi tó ti wá. Kò sọ bó ṣe máa rí lẹ́nu yín.

Bí ẹ bá rà á, ẹ fún un ní ọdún mélòó kan sí i. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìkórè kò pọ̀ jù fún un. Ó yẹ kó jẹ́ ẹ̀bùn fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tàbí fún tọkọtaya tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ní ibi tí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí.

SP68 funfun

Zibibbo àti Albanello ni. Zibibbo ni orúkọ tí àwọn ará Sísílì ń pe Moscato d'Alessandria. Albanello jẹ́ àjàrà àtijọ́ tí kò pọ̀ lóko mọ́. Wọ́n ń fi èèpo sílẹ̀ nínú omi èso fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ máa ń rí bíi wúrà, ó sì lè má mọ́ gaara. Kò bàjẹ́ o, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Imú á sọ fún yín pé dídùn ni, nítorí òórùn òdòdó ọsàn àti èso ọ̀pọ̀tọ́ tó ń jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sẹ́nu, kò ní ṣúgà rárá. Ẹni tó ń retí ọtí dídùn, kó má rà á. Ẹni tó fẹ́ràn ẹja yíyan, kápà, ólífì àti caponata, ìyẹn ọbẹ̀ ìgbá àwọn ará Sísílì, kó rà á, kó sì mu ún láàárín ọdún kan sí méjì.

Vino di Contrada

Láti ìkórè ọdún 2016 ló ti ń yọ Frappato àwọn ilẹ̀ kan sọ́tọ̀, tó ń fi orúkọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sára ìgò: FL fún Fossa di Lupo, BB fún Bombolieri, PT fún Pettineo. Àjàrà kan náà ni, ọ̀nà kan náà ló gbà ṣe wọ́n. Ilẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ní Bombolieri, òkúta ẹfun sún mọ́ òkè gan-an, ọtí rẹ̀ sì máa ń le koko, kó mú bí ó bá dé ẹnu. Níbi tí iyanrìn bá pọ̀ sí, Frappato máa ń rọ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń tètè jáde.

Wọn ò pọ̀ lọ́jà, owó wọn sì gun òkè. Èrò mi lórí wọn kò gùn: ẹ má ra ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo, Frappato tó dáa tó sì wọ́n ni, ẹ ò ní í mọ ohun tí wọ́n ń bá yín sọ. Méjì tó wá láti ọdún kan náà, tí ẹ ṣí papọ̀, ìyẹn á kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì mu Il Frappato rí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná.

Bó bá jẹ́ ti àǹkù rẹ̀ lẹ rí ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe kí ilé ìtajà má ní Occhipinti, kó jẹ́ COS ló wà lórí àtẹ. Ẹ má bínú kúrò níbẹ̀. Cerasuolo ti COS ní Nero d'Avola ìdá 60, Frappato ìdá 40, ó sì máa ń yá mu ju Grotte Alte lọ. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Cerasuolo láì dúró pẹ́, òun ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Pithos tiwọn ló tún yàtọ̀. Ìkòkò amọ̀ ńláńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn ni wọ́n ń ṣe é sí, láti ọdún 2000. Àjàrà méjì kan náà ló wà nínú Pithos pupa. Amọ̀ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé bíi ti igi, ṣùgbọ́n kì í fi òórùn kankan sí i, nítorí náà èso inú rẹ̀ máa ń ṣe kedere, tòun ti erùpẹ̀ díẹ̀. Láàárín Pithos pupa àti SP68 pupa, SP68 ló rọrùn. Pithos ló máa ń mú kí èèyàn dúró wo inú ife.

Kí ẹ tó sanwó, àti lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e délé

Imí-ọjọ́ tó kéré nínú ọtí yìí túmọ̀ sí pé ààbò rẹ̀ kéré. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ní London tàbí Houston, ìyẹn kì í sábà jẹ́ ìṣòro tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ béèrè bó ṣe wọlé. Kọ̀ǹténà tó jókòó sínú oòrùn ní Àpápá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti se ọtí náà kí ẹ tó rí i, bó ti wù kí ilé ìtajà tútù tó. Ẹ fọwọ́ pa ọrùn ìgò: bí kọ́ọ̀kì bá ti gbéra sókè lábẹ́ ìdérí, tàbí tí ọtí ti jò tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ẹ wo ọdún tó wà lára ìwé ìgò. SP68 pupa tó ti lé ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀dínwó tàn yín. Il Frappato ọdún mẹ́ta sí méje wà ní ojú ibi tó dáa. Siccagno àti Grotte Alte, bó bá ṣe dàgbà sí, tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ni kí ẹ yọ̀ sí.

Ẹ má gba ẹni tó ní wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì gbọ́. Ilé olókùúta àtijọ́ ní Yúróòpù ni wọ́n ti sọ ìyẹn. Nínú yàrá tó gbóná dé digirí 30, Frappato á kàn máa run ọtí líle ni. Digirí 14 sí 16 ló fẹ́, SP68 pupa náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sínú fíríìjì títí yóò fi tutù dé ibẹ̀. Siccagno àti Grotte Alte lè dé digirí 17 tàbí 18. Funfun, 10 sí 12. Bó bá dì gbagidi, òórùn tí ẹ sanwó fún ò ní í jáde.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ ìgò, pàápàá nínú Grotte Alte. Ẹ gbé ìgò náà nàró láti ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ rọra dà á, ẹ sì fi ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ sílẹ̀. Grotte Alte fẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ṣíṣí kó tó mọ̀ pé òun ti jáde. Bí ẹ kò bá mu ìgò tán, ẹ dé e, ẹ dá a padà sínú fíríìjì: SP68 kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ kejì lọ, àmọ́ Il Frappato sábà máa ń dùn lọ́jọ́ kejì ju ọjọ́ tí ẹ ṣí i lọ, ẹ sì lè dìídì fi ìdajì sílẹ̀ fún un.